Oòrùn tí ń pẹ́ jí: nídìí pọ́ǹpù àdúgbò wa ní Kétu

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa ń gbé bídọ́ọ̀nù rẹ̀ méjì lọ sídìí pọ́ǹpù àdúgbò wa, nítorí pé ẹ̀kọ ló ń tà, ẹni tó bá sì ń ta ẹ̀kọ kò lè dúró de oòrùn kó tó wá omi lọ. Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú nítorí pé gbogbo àṣìṣe tí ìgbìmọ̀ omi wa ṣe láàárín ọdún mélòó kan, àti ohun tí a padà fi tún un ṣe, orí wákàtí ìdájí yẹn ni wọ́n dá lé. Èmi ni akápò ìgbìmọ̀ náà. Iṣẹ́ tísà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ìṣirò ni mo sì fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà kí ẹ má bínú bí iye bá pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ẹni tí kò bá mọ Kétu wa ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ẹ̀ lè rò pé ìlú tí òjò ń rọ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò yẹ kó mọ ọ̀wọ́n omi. Òjò wa kò kéré lóòótọ́: ó tó nǹkan bíi mìlímítà 1000 lọ́dún, ó ń rọ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù keje, ó sì tún ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án títí oṣù kọkànlá yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí òkè pẹrẹsẹ ni ìlú náà jókòó sí, lórí ilẹ̀ pupa tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre, odò Ouémé sì wà lọ́hùn-ún ní apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ẹsẹ̀ obìnrin tó ru omi kò lè máa lọ kó sì máa bọ̀ lójoojúmọ́. Omi tó bá rì sínú ilẹ̀ wa kì í dúró nítòsí. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi jìn ju ibi tí okùn kànga àtọwọ́dá lè dé lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ agbára fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa. Omi wà, ibi tó wà ló jìn. Ẹni tó bá fẹ́ kó gòkè wá, àfi kó fi apá fà á, tàbí kó ra epo, tàbí kó ra iná, tàbí kó bẹ oòrùn lọ́wẹ̀.

Àwọn ìyá wa kò ní epo, wọn kò sì ní iná, nítorí náà òkè ni wọ́n ti ń gba omi, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ní àgbàlá ìyá ìyá mi, àmù ńlá mẹ́fà ló wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, a sì ti ri wọ́n mọ́lẹ̀ dé ọrùn kí omi inú wọn lè tutù, kí ewúrẹ́ má sì baà tì wọ́n ṣubú. Nígbà tí àrọ̀kúrò òjò bá tán, gbogbo wọn á ti kún, ìyá àgbà á sì fi ọmọrí bò wọ́n, á máa ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá lọ bu omi nínú àmù kẹta nígbà tí ti kejì kò tíì tán, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi ju ti ẹni tó jí ẹran inú ọbẹ̀ lọ. Omi tí a fi ṣan iṣu ń lọ sínú oúnjẹ ewúrẹ́. Omi tí a fi wẹ ọmọ ń lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi ọṣẹ tó kù la fi ń rẹ ojúlé kí eruku ọyẹ́ má baà sọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ahun ni mo rò pé ó ń ṣe. Ìgbà tí mo di akápò omi ni mo tó mọ̀ pé ìwé ìṣirò tí èmi ń kọ lónìí, orí ọmọrí àmù ni tirẹ̀ wà.

Kànga ẹlẹ́rọ ti àdúgbò wa, tí a ń pè ní foráàjì gẹ́gẹ́ bí àwọn Faransé ṣe ń pè é, jìn ní mítà 90, omi rẹ̀ sì máa ń wà ní nǹkan bíi 70 mítà sí ojú ilẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan ló ń ti pọ́ǹpù inú rẹ̀, kpayo sì ni ẹ̀rọ náà ń mu. Kò sí ẹni tí kò mọ kpayo ní Bẹ̀nẹ̀ẹ̀: epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà nínú bídọ́ọ̀nù, tí wọ́n sì ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Lítà mẹ́ta sí mẹ́rin là ń lò lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, owó tí a sì ń gbà lórí bídọ́ọ̀nù omi kọ̀ọ̀kan ń tó o rà, díẹ̀ sì ń ṣẹ́kù fún àtúnṣe. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí wọ́n ń ta ìgò epo ní Kétu fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Abùjá fi owó kún omi tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ro ẹ̀kọ. A fi kún owó bídọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan, àwọn ènìyàn kùn. A tún fi kún un, àwọn kan sì padà sí omi kòtò. Ìgbà tí ọmọ méjì ní agbo ilé kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ olómi ni a pe ìpàdé.

Àwọn kan ní kí a so pọ́ǹpù náà mọ́ iná ìjọba. Èmi ló ta ko ìmọ̀ràn yẹn, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí kì í ṣe pé mo kórìíra iná ìjọba; òun ni mo fi ń kọ̀wé yìí. Ní ọdún 1998, olùkọ́ ni mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo sì rántí oṣù púpọ̀ tí a fi ń pín iná fún àwọn àdúgbò ní ọjọ́ sí ọjọ́. Nígbà yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí àwa àti Tógò ń lò ń wá láti ìdídò Akosombo ní Gánà, tí wọ́n parí ní ọdún 1965, nípasẹ̀ àjọ iná CEB tí orílẹ̀-èdè méjèèjì dá sílẹ̀ ní ọdún 1968. Omi adágún Volta ló ń yí ẹ̀rọ ibẹ̀, odò tó sì ń bọ́ adágún náà, apá kan rẹ̀ ń ṣàn wá láti Burkina Faso. Nítorí náà, bí òjò bá kọ̀ láti rọ̀ ní ilẹ̀ Mọ̀sí, Àjàṣẹ́ ni yóò wà nínú òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà ọ̀dá ọdún 1983 sí 1984, bẹ́ẹ̀ ló rí ní 1998, bẹ́ẹ̀ ló sì tún rí ní 2006 àti 2007. Ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1987, kò lè gbà wá nínú rẹ̀, nítorí mẹ́gáwáàtì 65 péré ni gbogbo agbára rẹ̀, òjò kan náà ló sì ń dúró dè.

Nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Okùn iná ńlá ti wá láti Ìkẹjà dé Sàkété láti ọdún 2007. Ilé iṣẹ́ iná Maria-Gléta kejì, tó ní mẹ́gáwáàtì 127 tó sì ń lo gáàsì, bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ní ọdún 2022 sì ni wọ́n ṣí oko oòrùn mẹ́gáwáàtì 25 ní Illoulofin, ní agbègbè Pọ̀bẹ̀, tí kò jìnnà sí wa rárá. Mo ti lọ wò ó láti ẹ̀yìn ọgbà. Ó wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ ní ìpàdé ni pé iná máa ń lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju ìgbàkígbà lọ, nítorí pé ìgbà yẹn ni gbogbo ènìyàn ń tan fáànù, ìgbà yẹn náà sì ni òùngbẹ ń gbẹ wá jù. Ẹni tó bá so ìkòkò omi rẹ̀ mọ́ okùn kan náà yóò pàdánù méjèèjì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n gbà fún mi. A dá owó jọ, àwọn ọmọ wa tó wà ní Kútọnu àti Èkó fi tiwọn kún un, a sì ra pánẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́fà àti pọ́ǹpù tuntun tó ń bá oòrùn ṣiṣẹ́ tààrà.

Ìdùnnú wa kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Oòrùn kì í lágbára tó láti gbé omi sókè kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ tó lù, àwọn tó nílò omi jù sì ti dúró sórí ìlà láti aago márùn-ún. Tánkì wa gba lítà 5000, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn ará ilé bá ti pọn ti ìrọ̀lẹ́ tán, díẹ̀ ló máa ń kù nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Àbúrò mi, oòrùn tí ẹ rà yìí, ó mà ń pẹ́ jí o.” Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun.

Ọkùnrin tó ta àwọn pánẹ́ẹ̀lì fún wa sọ pé ọ̀nà àbáyọ ti wà: kí a ra bátìrì mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fọ́ọ̀tì 12 àti ampere-wákàtí 100, kí pọ́ǹpù lè máa ṣiṣẹ́ lóru. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé mo fura pé ohun tó sọ fún wa ni wọ́n sọ fún òun náà. Ohun tí kò sọ ni pé bátìrì olójé báyìí, ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló yẹ kí ènìyàn máa fà bó bá fẹ́ kó pẹ́, àti pé ooru jẹ́ ọ̀tá rẹ̀: bí ibi tó wà bá fi ìwọ̀n sẹ́síọ́sì mẹ́wàá gbóná ju 25 lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín kù tó ìdajì. Inú ahéré onípáànù ni a kó tiwa sí, a sì ń fà wọ́n títí tí wọn kò fi ní lè tan gílóòbù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, wọ́n wú bí ara ẹni tí oyin ta ṣe ń wú. Ẹni tó ń ra irin àlòkù kó wọn lọ, owó tó san kò tó ra àpò símẹ́ǹtì márùn-ún, mo sì ń bẹ̀rù títí di òní olónìí ibi tó da ásíìdì inú wọn sí.

Ohun tó gbà wá wá láti inú ìwé kan tí mo mú kí wọ́n kọ fún ìdí tí kò dára. Mo fura pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ pọ́ǹpù ń ta omi lẹ́yìn wa, mo sì pàṣẹ fún un pé kó máa kọ wákàtí tí pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ àti wákàtí tó dá dúró, kí n lè fi wé owó tó ń mú wá. Owó rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mo lọ yẹ ìwé náà wò, ó fi ìka tọ́ ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí yìí. Láti aago kan ọ̀sán ni pọ́ǹpù ti ń sùn, oòrùn kò sì tíì lọ.” Òtítọ́ ni. Láti aago mẹ́sàn-án tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ sóko ni tánkì ti ń kún. Nígbà tó bá di aago kan, bọ́ọ̀lù tó ń léfòó nínú rẹ̀ á ti pa pọ́ǹpù. Kò sì ní tún bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí àwọn ará oko bá dé ní aago mẹ́rin, tí oòrùn ti ń rọ̀. Wákàtí mẹ́ta tó gbóná jù lójúmọ́, lójoojúmọ́, fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn méjì, àwọn pánẹ́ẹ̀lì wa ń yáàrùn lásán. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà ní ọjọ́ yẹn, kò sì mọ ohun tí mo ń tọrọ rẹ̀ sí.

Mo jókòó pẹ̀lú pẹ́ńsù mi. Pọ́ǹpù wa ń gbé nǹkan bíi lítà 1500 wá ní wákàtí kan tí oòrùn bá le. Wákàtí mẹ́ta jẹ́ lítà 4500. Àìtó tó ń bá wa ní ìdájí kò ju lítà 4000 lọ. Láti gbé lítà 5000 sókè ní mítà 80, bí a bá ka ìjìn omi inú kànga, gíga tánkì àti ìnira inú páìpù pọ̀, agbára tó ń lọ sínú omi náà gan-an jẹ́ kìlówáàtì-wákàtí kan àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kékeré kì í lo gbogbo ohun tó bá jẹ, ó máa ń fi bí ìdajì ṣòfò, nítorí náà ohun tí a nílò tó kìlówáàtì-wákàtí 2.4. Bátìrì mẹ́rin wa, tí gbogbo ohun inú wọn pọ̀ jẹ́ 4.8, bí a bá lo ìdajì wọn bó ṣe yẹ, 2.4 náà ni wọn yóò fún wa, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní tuntun. Ṣé ẹ rí ohun tí ìṣirò náà ń sọ? Tánkì lítà 5000 kan tó dúró sórí òkè tó sì kún, iṣẹ́ tí bátìrì mẹ́rin ń ṣe ló ń ṣe, ooru kì í pa á, kò ní ásíìdì nínú, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ojú lè mọ iye tó kù nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí a ń wá ọ̀nà láti fi pamọ́, omi ni ó yẹ kí a fi í pa mọ́ sí. Ìyá àgbà pẹ̀lú àmù rẹ̀ mẹ́fà ìbá ti sọ ọ́ fún mi bí mo bá ní etí ìgbọ́ràn.

Tánkì kejì gba owó ju bátìrì lọ díẹ̀, n kò ní parọ́. Omi lítà 5000 jẹ́ tọ́ọ̀nù márùn-ún, kì í ṣe igi àti ìṣó la fi ń gbé e dúró. Bíríkìlà wa fi irin àti kọnkéré mọ òpó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dúró, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì bá ẹ̀rọ tó gbẹ ní ìdájí, àfi ọjọ́ méjì nínú oṣù kìíní tí ọyẹ́ fi eruku bo ojú ọ̀run àti ojú pánẹ́ẹ̀lì pọ̀. Aṣọ tútù ni a fi ń nù wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin nígbà ọyẹ́ báyìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, nítorí pé omi tútù lórí dígí tó gbóná lè là á.

Àníyàn tó kù ni èyí tí kò jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí a ń ra epo, owó epo ni aláàbójútó wa: kò sí ẹni tó lè fa omi ju agbára rẹ̀ lọ. Oòrùn kò béèrè owó, ohun tí kò béèrè owó sì ni ọmọ aráyé kì í mọ ìgbà tó yẹ kó fi sílẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣe ti òjò àná; ọ̀pọ̀ ọdún ni òjò fi rọra rì wọlẹ̀ kó tó kó jọ síbẹ̀. Òjò fúnra rẹ̀ kò sì rọ̀ bó ṣe ń rọ̀ mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n sẹ́síọ́sì kan gbóná sí i, ó lè gbé nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún oru omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìdí nìyẹn tí òjò fi ń pẹ́ kó tó dé, tó sì máa ń dà bí ẹni pé wọ́n yí garawa nígbà tó bá dé. Òjò ọlọ́gbàrá kì í rì wọlẹ̀, ó ń gbá ojú ilẹ̀ lọ. Ní ọdún 2010, omi tó kún odò Ouémé àti àwọn odò mìíràn dé bá àwọn tó lé ní 600,000 ní orílẹ̀-èdè wa. Síbẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, a tún ń wá omi. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ irú òjò oṣù kẹta tó ń tan ni jẹ: àkọ́rọ̀ á rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àgbàdo á yọ, òjò á sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn baba wa ti kìlọ̀ pé a kì í tìtorí pé òjò ṣú ká da omi àmù nù, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọn ń pa òwe yẹn, òjò tó ṣú sábà máa ń rọ̀.

Nítorí èyí ni a fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọn kànga náà. Páìpù tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù pọ́ǹpù, a sì ní okùn oníkókó tí a so irin kékeré mọ́ nídìí, kókó kan fún mítà kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún là ń sọ ọ́ kalẹ̀: ní òpin oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àti ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mu yó. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ti sinmi fún odidi òru kan kí a tó wọ̀n ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irọ́ ni okùn yóò pa.

A tún padà sí ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní òrùlé onípáànù tó fẹ̀ ní mítà onígun 200, mìlímítà òjò kan lórí mítà onígun kan sì jẹ́ lítà kan gééré. Nítorí náà, òrùlé kan ṣoṣo yẹn ń gba lítà 200,000 lọ́dún, bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ bá sì tà dànù, 160,000 ṣì kù. Kòtò alásímẹ́ǹtì tí a gbẹ́ sí ibẹ̀ kò gbà ju lítà 20,000 lọ, ìyẹn ni owó wa tó ṣe, ó sì ń tó láti fọ ọwọ́ àwọn ọmọ, láti fọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti láti fọ ilé ìyàgbẹ́ títí di oṣù kejì. Omi òjò méjì àkọ́kọ́ ni a ń jẹ́ kó lọ, nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ, ìgbẹ́ aláǹgbá àti eruku ọyẹ́. A fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀fọn má baà bí sí i. A kì í mu ún láìsè é. Gbogbo lítà tí a bá bù níbẹ̀, lítà kan tí a kò fà láti ìsàlẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí a ṣe irú rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí náà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ilé ìjọsìn ṣòro bá sọ̀rọ̀ ju ìgbìmọ̀ omi lọ.

Èédú kò yẹ kí n fi sílẹ̀ láìmẹ́nu bà, nítorí pé àpò èédú tó ń lọ sí Kútọnu láti agbègbè wa pọ̀, igbó ọba Dogo-Kétou sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ibi tí igi kò bá sí mọ́, ilẹ̀ a le bí àwo, òjò a sì máa sáré kọjá lórí rẹ̀. A gbin igi sí àyíká kànga náà, ewúrẹ́ sì jẹ ìdajì wọn. A tún gbin.

Ìjà tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti tòmátò. Ọmọ àbúrò mi kan, tó padà wá láti Èkó, fẹ́ dáko tòmátò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tó wọ́n jù lọ́jà, ó sì ní kí a jẹ́ kí òun máa lo omi ọ̀sán, níwọ̀n ìgbà tí pọ́ǹpù yóò kàn máa sùn lẹ́yìn tí tánkì méjèèjì bá ti kún. Kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n tòmátò tó wà nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń mu lítà mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́ lórí mítà onígun kọ̀ọ̀kan; ilẹ̀ tó fẹ́ dá jẹ́ ìdá mẹ́rin hẹ́kítà, èyí tí í ṣe mítà onígun 2500; lítà 10,000 ó kéré tán ni oko náà yóò máa mu, àwa ará àdúgbò lápapọ̀, pẹ̀lú ọmọdé, ewúrẹ́ àti ẹ̀kọ, a kò lò tó bẹ́ẹ̀. Ó wo iye náà, ó ní ìṣirò tísà ni, kì í ṣe ti àgbẹ̀. A gbà á láyè láti dá mítà onígun 200, kó fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn, kó máa bomi rin wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ nìkan, kó sì tún máa lo omi tó ń dà sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Inú bí i, ó sì ní ìdí: òun náà ní ọmọ láti bọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìbò pé kí oko rẹ̀ kéré kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àìríṣẹ́.

Mo ní kó wá bá wa wọn kànga ní òpin oṣù kẹta tó kọjá. Ó wá, kò bá mi sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ okùn kalẹ̀, tó ń ka kókó lábẹ́ eyín títí irin fi kan omi. Kókó 71 ni. Ní irú àkókò yẹn ní ọdún tó ṣáájú, 70 ni. Ó di okùn náà mú fún ìgbà díẹ̀ láìfà á sókè, ó wá bi mí bóyá mítà kan pọ̀. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé ná, kó sì padà wá ní oṣù kọkànlá.